Ọ̀rọ̀ Tí Jacira Sọ Nídìí Káńtà

"Rrrrrrr," ni Zulmira Tavares ń ṣe. Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ẹni tó ń wa ọkọ̀, ó ń gbọn èjìká, ó ń gbọn ìdí. "Rrrrrrr... kúfù!" Ó dákẹ́ lójijì, ó sorí kọ́, ó jẹ́ kí apá rẹ̀ já wálẹ̀, ó wá wo Ọ̀gbẹ́ni Kerrigan tó wà lẹ́yìn káńtà níbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe, láti mọ̀ bóyá ó ti yé e.

Gbogbo àwọn tó wà níbi tí àwọn oníbàárà ti ń dúró de ọkọ̀ wọn ló yíjú sí wọn. Ẹni tó ń mu kọfí gbé ife dúró lẹ́nu. Ọkùnrin kan tó ń tẹ fóònù rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Jacira, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, ó ń bẹ ilẹ̀ pé kó lanu kó gbé òun mì.

Bí Zulmira ṣe rí nìyẹn. Láti ìgbà tó ti kúrò ní erékùṣù Fogo wá sí Brockton ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kò tíì fi ẹnu lásán ròyìn ohunkóhun rí. Bó bá ń sọ ti ewúrẹ́, á ké bí ewúrẹ́. Bó bá ń sọ ti ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́, á fọwọ́ lé ìbàdí, á rìn bí ọ̀gá náà. Nígbà tí Jacira wà ní kékeré, ó máa ń rẹ́rìn-ín àṣà ìyá rẹ̀ yìí títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ti ń fojú àwọn ẹlòmíràn wo ilé bàbá rẹ̀, ojú àwọn ẹlòmíràn kì í sì í ṣe ojú àánú.

Ó tún wá ku ti àwo tó wà lórí káńtà. Pastel ni Zulmira kó wá, ìyẹn ẹja tí wọ́n fi ìyẹ̀fun wé tí wọ́n sì dín, ó ṣì gbóná nínú bébà onífàdákà tó fi bò ó. Ní Fogo, èèyàn kì í fi ọwọ́ lásán lọ sọ́dọ̀ ẹni tó fẹ́ bẹ̀ lọ́wẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Kerrigan ti sọ lẹ́ẹ̀mejì pé àwọn kì í gba nǹkan lọ́wọ́ oníbàárà. Zulmira kàn ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń ti àwo náà sún mọ́ ọn.

"Kí ni ìyá ẹ ń sọ gan-an?" Ọ̀gbẹ́ni Kerrigan bi Jacira.

Ohun tí ìyá rẹ̀ ń sọ kò ṣòro. Oṣù márùn-ún péré sẹ́yìn ni wọ́n ra ọkọ̀ náà, tuntun, ọkọ̀ tuntun àkọ́kọ́ tí Zulmira ní láyé. Òun ló ń gbé e lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní ìlú kejì. Ọkọ̀ náà a máa kú lójú ọ̀nà, pàápàá bó bá rọra fẹ́ yà. Wọ́n ti gbé e wá lẹ́ẹ̀kan rí, Jacira túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún wọn dáadáa, wọ́n sì pààrọ̀ wáyà kan. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ó tún bẹ̀rẹ̀.

"Sọ fún un pé ó tún ti kú lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ yìí," Zulmira sọ fún ọmọ rẹ̀ ní èdè Kriolu, èdè ilé wọn, pẹ̀lú ohùn òkè. "Tó bá ti kú báyìí, sítíárìn á le gbagidi, mi ò ní lè yí i mọ́. Sọ gbogbo ẹ̀ o, má fo ìkankan."

Jacira la ẹnu láti sọ ọ́. Ìgbà náà ló gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn rẹ̀.

"Jacira! Ìyá ẹ nìyẹn?"

Peyton ni, ọmọbìnrin tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ eré sísá ní ilé-ẹ̀kọ́. Òun àti bàbá rẹ̀ wá pààrọ̀ táyà. Peyton yìí ló ń sọ ẹni tó máa jókòó sídìí tábìlì wọn lásìkò oúnjẹ ọ̀sán, ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fàyè gba Jacira níbẹ̀. Ó ti gbé fóònù rẹ̀ sókè.

"Ó mà pa mí lẹ́rìn-ín o! Bá mi bẹ̀ ẹ́ kó tún un ṣe, kí n gbà á sílẹ̀."

Ara Jacira gbóná, etí rẹ̀ ń hó. Ó tẹ̀ síwájú lórí káńtà, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó sọ ọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pé, "Ẹ má dá wọn lóhùn, sà. Kò sóhun tó ṣe ọkọ̀ náà. Wọn ò mọ ọkọ̀ tuntun wà dáadáa ni, ohun tí kò yẹ kí wọ́n tẹ̀ ni wọ́n máa ń tẹ̀. Ẹ ṣáà bá wa fọ̀ ọ́, ká máa lọ."

Ọ̀gbẹ́ni Kerrigan gbójú sókè. "Ká má tiẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò? Ṣó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú."

Ọkùnrin náà tẹ ọ̀rọ̀ náà sínú kọ̀ǹpútà, ìwé jáde, ó tì í sí iwájú Zulmira. Zulmira kọ orúkọ rẹ̀ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bó ṣe máa ń kọ ọ́ sórí gbogbo ìwé tí kò lè kà.

"O sọ gbogbo ẹ̀?" ó béèrè.

"Mo sọ ọ́, Mamá."

"Ti sítíárìn ńkọ́?"

"Mo ní mo sọ ọ́!"

Zulmira fọwọ́ pa ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn. "Ọlọ́run á bá mi dá ẹ sí. Kí ni mi ò bá ṣe ní ìlú yìí, tí kì í bá ṣe tìẹ?"

Wọ́n fọ ọkọ̀ náà, ó ń dán. Zulmira wa á lọ sílé pẹ̀lú ìdùnnú, ó rò pé wọ́n ti tún un ṣe. Jacira kọjú sí fèrèsé ní gbogbo ọ̀nà. Àwọn àgbà ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ti Jacira ti balẹ̀, àfi pé ariwo rẹ̀ kò tíì dé etí ẹnikẹ́ni.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ọkọ̀ náà kú sáàárín ọ̀nà márosẹ̀ bí Zulmira ṣe ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, dérébà fun fèrè títí, ó sì yà bàrá. Dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ Zulmira ló bá a lọ. Ọlọ́pàá ló bá Zulmira ti ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ títì. Nígbà tó délé tó ń ròyìn rẹ̀, kò ṣe bí ọkọ̀ akẹ́rù, kò sì fun fèrè. Orí àga ló jókòó sí, ó ń sọ pé, "Ṣùgbọ́n a sọ fún wọn. Jacira, ṣebí a sọ fún wọn?"

Jacira wọ ilé ìwẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí, ó ṣí omi kí wọ́n má baà gbọ́ ẹkún rẹ̀. Ìtìjú tó mú un níwájú Peyton kò tó ìdá mẹ́wàá èyí tó mú un lọ́jọ́ yẹn.

Wọ́n tún gbé ọkọ̀ náà padà. Lọ́tẹ̀ yìí, Jacira túmọ̀ ọ̀rọ̀ títí ẹnu fi ń ro ó, kò fo ìkankan. Wọ́n dá ọkọ̀ dúró fún ọjọ́ márùn-ún, wọ́n pààrọ̀ kọ̀ǹpútà inú rẹ̀. Kò pé oṣù kan tó tún kú. Láti ìgbà náà, ọ̀nà ẹ̀yìn tí ọkọ̀ kò pọ̀ ni Zulmira ń gbà lọ síbi iṣẹ́. Wọ́n ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí oṣù mẹ́ta mìíràn fi kọjá.

Tia Benvinda, àǹtí kan tí òun àti Zulmira jọ ń ṣiṣẹ́, ló gbé ìròyìn ayọ̀ wá lọ́jọ́ Àìkú kan. "Ṣé o ò mọ̀ pé òfin wà fún un ni?" ló wí, bó ṣe ń bọ́ bàtà. "Ọsàn kíkan ni wọ́n ń pe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ níbí. Tóo bá ti gbé e fún wọn lẹ́ẹ̀mẹta fún àìsàn kan náà, láàárín ọdún àkọ́kọ́, tí wọn ò rí i tún ṣe, wọ́n gbọ́dọ̀ dá gbogbo owó ẹ padà."

"Gbogbo ẹ̀ kẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé lo máa fi hàn wọ́n o. Ẹnu lásán ò gbà lọ́dọ̀ ìjọba."

Zulmira dìde, ó ń jó. "Ẹ̀ẹ̀mẹta! Ṣebí ẹ̀ẹ̀mẹta la lọ! Jacira, lọ gbé páálí ìwé wá, ìwọ lo máa bá mi kọ ọ́. Ìyá ẹ ò kàwé, ṣùgbọ́n ó bí akọ̀wé!"

Jacira tẹ́ ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí tábìlì. Èkíní dáa, ẹ̀kẹta dáa. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tó máa ka èkejì: "Ọmọbìnrin oníbàárà, tó ń ṣe ògbufọ̀ fún un, sọ pé kò sí ohun tó ṣe ọkọ̀ náà. Àṣìṣe awakọ̀ ni. A kò ṣe iṣẹ́ kankan. A fọ ọkọ̀." Lábẹ́ rẹ̀ ni orúkọ ìyá rẹ̀ wà, lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́.

Ó rò ó lọ, ó rò ó bọ̀. Bó bá yọ ìwé náà kúrò, ẹ̀ẹ̀mejì péré ló kù. Bó bá fi sílẹ̀, ó lè jẹ́ pé wọn ò ní kà á. Ohun kẹta wà tó lè ṣe, òun náà sì mọ̀ ọ́n. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣì kù kí ọdún ọkọ̀ náà pé. Bó bá sọ òtítọ́ fún ìyá rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n á tún gbé ọkọ̀ padà lọ lọ́jọ́ kejì, ẹ̀ẹ̀mẹta á sì pé láìsí àbùkù.

"Mamá," ó pè é.

Zulmira wà nídìí sítóòfù, ó ń ro katxupa, oúnjẹ àgbàdo àti ẹ̀wà ilé wọn, ó ń kọrin. "Kí ló dé, ọmọ mi?"

Orin náà dùn jù. "Kò sí nǹkan kan. Mo ní ṣé oúnjẹ ti jinná."

Ó kó ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta papọ̀, ó fi èkejì sáàárín, ó fi ránṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀sẹ̀ mẹ́fà náà ṣe kọjá lọ.

Yàrá kékeré kan ní Boston ni wọ́n ti gbọ́ ẹjọ́ náà. Ìyáàfin Halloran, ẹni tí ìjọba yàn láti dá a, jókòó sí ìdí tábìlì. Ọkùnrin onítáì kan ṣojú ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀. Bí Jacira ṣe fẹ́ jókòó ti ìyá rẹ̀, wọ́n ní kó lọ jókòó sẹ́yìn. Ìjọba ti pe ògbufọ̀ tiwọn, Ọ̀gbẹ́ni Anselmo, bàbá arúgbó kan tó wá láti erékùṣù São Nicolau, tí òun náà ń sọ Kriolu. Wọ́n ní ọmọ kì í ṣe ògbufọ̀ fún ìyá rẹ̀ níbẹ̀.

Zulmira sọ tẹnu rẹ̀. Nígbà tó dé ibi tí ọkọ̀ ti ń kú, kò lè mú un mọ́ra mọ́, ó dìde. "Rrrrrrr... kúfù!" Jacira pa ojú dé, ó ń retí ẹ̀rín. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìyáàfin Halloran ń kọ ọ́ sílẹ̀.

"Ṣé kí ẹ́ńjìnnì tó kú ni sítíárìn ń le, àbí lẹ́yìn tó bá kú?" ló béèrè.

"Lẹ́yìn tó bá kú ni!" Ojú Zulmira tàn. Ọdún kan rèé, ẹnì kan gbọ́ ọ yé.

Ìgbà náà ni ọkùnrin onítáì gbé ìwé kejì sókè, ó sì kà á sétí gbogbo wọn. Ọ̀gbẹ́ni Anselmo wo Jacira lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì. Lẹ́yìn náà ló túmọ̀ rẹ̀ fún Zulmira ní Kriolu, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀lé èkejì, kò fi ìkankan pamọ́. Iṣẹ́ ògbufọ̀ nìyẹn.

Zulmira kò bojú wẹ̀yìn. Jacira rí i tí ẹ̀yìn ọrùn ìyá rẹ̀ le, tí ọwọ́ tó nà síwájú rọra bọ̀ sórí itan.

"Ọ̀gbẹ́ni tó kọ ìwé yẹn ló ṣi ọmọ mi gbọ́," ni Zulmira wí. "Ọmọ mi kì í parọ́."

Jacira gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́nu ìyá rẹ̀ ní Kriolu, àti lẹ́nu Ọ̀gbẹ́ni Anselmo ní Gẹ̀ẹ́sì. Ọkùnrin onítáì rẹ́rìn-ín sínú. Ìyá rẹ̀ ló ń fi irọ́ bo àṣírí rẹ̀, ojú òpùrọ́ ni wọ́n sì fi ń wo ìyá náà. Ẹsẹ̀ Jacira gbé e dìde kí ọkàn rẹ̀ tó gbà.

"Kò ṣì mí gbọ́, mà," ló wí. "Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ló ṣe kọ ọ́. Ìyá mi ní kí n sọ pé ọkọ̀ ń kú. Irọ́ ni mo pa."

"Kí ló dé tóo fi parọ́?" Ìyáàfin Halloran béèrè.

Jacira wo ẹ̀yìn ìyá rẹ̀.

"Ìyá mi ń tì mí lójú."

Ọ̀gbẹ́ni Anselmo gbọ́dọ̀ túmọ̀ ìyẹn náà. Ó túmọ̀ rẹ̀.

Ìyáàfin Halloran bọ́ awò ojú rẹ̀. "Mo gbà ẹ́ gbọ́," ló wí. "Mo gba ìyá ẹ náà gbọ́. Ṣùgbọ́n òfin ní kí wọ́n ti gbìyànjú àtitún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta. Lọ́jọ́ tí ò ń wí yìí, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì, nítorí pé ìwọ lo ní kí wọ́n má fọwọ́ kàn án. Ká ní ọdún kò tíì pé ni, ǹ bá ní kẹ́ ẹ tún gbé e lọ."

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Òdodo ọ̀rọ̀ ni. Ohun tí wọn kì í sábà sọ fún ọmọdé ni pé òtítọ́ lè bá irọ́ tán, kó sì jẹ́ pé irọ́ ti ná ohun tó kó lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́tà dé pé ẹjọ́ Zulmira kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Zulmira kò na Jacira, kò sì bú u. Ká ní ó bú u ni, ara ì bá tu ọmọ náà. Ṣe ló ń bu oúnjẹ fún un, tó ń gbé e síwájú rẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń gba àlejò. Ó ta ọkọ̀ náà ní owó pọ́ọ́kú, fún ẹni tó mọ àìsàn rẹ̀, nítorí pé ó kọ̀ láti fi í ṣe ẹlòmíràn níbi. Bọ́ọ̀sì méjì ló ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ báyìí.

Lọ́jọ́ kan ní pápá, Jacira bi Peyton bóyá ó rántí ọjọ́ tí wọ́n pàdé níbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe. Peyton ronú, ó fún imú pọ̀. "Ọjọ́ wo nìyẹn?" ló wí, ó sì sáré lọ. Kò rántí rárá. Ẹni tí Jacira tìtorí rẹ̀ sọ ìyá rẹ̀ di aláìmọ̀kan kò tiẹ̀ rántí pé òun rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí òjò yìnyín bẹ̀rẹ̀, apá ń dun Zulmira, Jacira sì sìn ín lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì kí wọn, ó yíjú sí Jacira. "Bá mi bi ìyá ẹ, ibo ló ń dùn ún?"

Kí Jacira tó la ẹnu, Zulmira ti sọ̀rọ̀, ní Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ tó ti fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ kọ́ sórí. "Jọ̀wọ́. Mo fẹ́ ògbufọ̀."

"Ṣé ọmọ yín ò gbọ́ èdè yín ni?"

Nọ́ọ̀sì ń wo Jacira. Jacira lè sọ pé ìyá òun kò mọ ohun tó ń wí. Ó ti sọ ọ́ rí.

"Mo gbọ́ ọ, mà," ló dáhùn. "Ẹ bá wọn pe ògbufọ̀."

Wọ́n pè é lórí tẹlifóònù. Jacira lọ jókòó lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń gbọ́ bí obìnrin kan tí wọn kò rí rí ṣe ń fi ìrora ìyá rẹ̀ yé nọ́ọ̀sì.

Nígbà tí wọ́n dé ibùdó bọ́ọ̀sì, ó bi í pé, "Mamá, ṣé ẹ ṣì ń bínú sí mi?"

Zulmira ká aṣọ òtútù mọ́ra. "Ìbínú ti tán, ọmọ mi, ó ti pẹ́. Ẹ̀rù ló kù. Tí o bá ń bá wọn sọ̀rọ̀, mi ò mọ ohun tí ò ń sọ nípa mi."

Láti ìgbà náà, gbogbo lẹ́tà tó bá wọlé ni Jacira ń kà fún ìyá rẹ̀ láìfo ìlà kan, títí kan èyí tí ilé-ẹ̀kọ́ kọ láti fẹjọ́ òun fúnra rẹ̀ sùn. Zulmira á gbọ́ ọ tán, á dúpẹ́, á ká lẹ́tà náà sínú àpò. Tó bá di ọjọ́ Àìkú, á fún Ọ̀gbẹ́ni Anselmo, tí wọ́n ti wá jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan náà, kó tún un kà.

Ẹ̀yin ọmọ tí òbí yín fi ṣe ẹnu, ẹ gbọ́ o. Ẹni tó bá ń tijú òbí rẹ̀ nítorí ẹ̀rín ọ̀rẹ́, ìtìjú tó tóbi jù ú lọ ló ń rà sílé. Ẹ̀rín á tán kí ilẹ̀ tó ṣú. Ṣùgbọ́n bí ìyá bá fọkàn tán ọmọ, tí ọmọ náà sì já a kulẹ̀, ọdún ló fi ń tún un ṣe, ẹnikẹ́ni kò sì lè bá a dá ọjọ́ tó máa parí. Jacira mọ̀ pé wọ́n ń tún àwọn lẹ́tà náà kà lẹ́yìn òun. Kò bínú sí i, ó sì ń kà á lọ.